Jacob Egharevba, Ẹni tí Ó Tọ́jú Idà Ọba àti Àjákù Idẹ ní Ìbíní

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, nítorí pé àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá pàápàá ń fẹ́ ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu àwọn arúgbó kí ikú tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun èlò tí ìtàn rọ̀ mọ́ ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣà á jọ kí ó tó dípẹtà, tàbí kí alágbẹ̀dẹ tó yọ́ ọ láti fi ṣe ohun mìíràn. Ní ìlú Ìbíní, Olóyè Jacob Uwadiae Egharevba ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀. Ó kọ ìtàn sílẹ̀ sínú ìwé, ó sì tọ́jú idà ọba tí kò lè gé iṣu, idẹ ògbólógbòó, àti irin tí ojú ẹlòmíràn ń wò gẹ́gẹ́ bí àjákù lásán.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Ìbíní ni ó ń kọjá lójoojúmọ́ ní Gbàgede Ọba Ovonramwen, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ring Road. Wọ́n ń rí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà láàárín gbàgede náà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe olùtọ́jú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ìbíní, ilẹ̀ Yorùbá ni a bí i sí.

Ọmọ tí a bí sí Ìdànrè

Ìdànrè, ìlú orí òkè tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí, ni a bí Egharevba sí ní ọdún 1893. Ọmọ Ẹ̀dó ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò láti Ìbíní a máa ná ọjà Àkúrẹ́, Òǹdó, Ìdànrè àti àwọn ìlú Èkìtì, àwọn mìíràn a sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọn a bí ọmọ sí ìdálẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Yorùbá tí a ń bí sí Ìbíní lónìí náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí i, àfi pé ọ̀nà ni ó yí padà. Nígbà tí ó di onígbàgbọ́, orúkọ tí a sọ ọ́ nínú ìrìbọmi ni Jacob.

Egharevba kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí àjálù ńlá dé bá ìlú baba rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, òyìnbó aṣojú ìjọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phillips kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà Ìbíní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n má ì tí ì wá nítorí ọdún tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn jagunjagun Ìbíní pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e kò parí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Ọ̀gágun Rawson, fi wọ ìlú. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ni wọ́n gba Ìbíní. Iná jó ààfin àti apá púpọ̀ nínú ìlú. Wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ sí ìgbèkùn ní Kàlàbá, ibẹ̀ ni ó sì wà títí tí ó fi wàjà ní ọdún 1914.

Ohun tí wọ́n kó lọ kò ṣe é fẹnu sọ. Orí idẹ tí ó wà lórí ojúbọ àwọn ọba tí ó ti wàjà, àwo idẹ pẹlẹbẹ tí a ya àwòrán ìjòyè àti jagunjagun sí, eyín erin tí a gbẹ́, idà, agogo àti ẹ̀wọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dì sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ta apá kan, àwọn sójà sì pín apá kan láàárín ara wọn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Berlin sáré rà lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àkójọ orúkọ gbogbo wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2022, ohun 5,246 ni wọ́n kà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 131, ní orílẹ̀-èdè 20.

Nítorí náà, nígbà tí Egharevba dàgbà, ìlú tí a ti kó ojú rẹ̀ lọ ni ó bá. Àwọn ohun tí ó ṣẹ́kù ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ìjòyè, èyí tí ó wà ní ojúbọ àwọn abúlé tí àwọn sójà kò dé, àti èyí tí wọ́n kà sí ohun tí kò níye lórí.

Idà tí a kò rọ fún ogun

Kí a tó lè mọ rírì iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún. Ẹ mú idà méjì ti Ìbíní fún àpẹẹrẹ. Èkíní ni ada. Orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí àdá tí gbogbo àgbẹ̀ Yorùbá mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdá oko. Ó gùn, ó tẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ọmọ ẹmẹ̀wà kan tí a ń pè ní omada ni ó máa ń gbé e níwájú ọba. Ìjòyè tí ọba bá yọ̀ǹda fún nìkan ni a lè gbé ada níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé agbára ikú àti ìyè wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, bí idà náà kò tilẹ̀ kan ẹnikẹ́ni lára rí.

Èkejì ni eben. Eléyìí tilẹ̀ jìnnà sí ogun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ewé, a dá ihò ọnà sí i lára débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, òrùka sì wà ní ìdí èèkù rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi gé igi, yóò kán. Bí ó bá fi pa ẹran, ẹran yóò sá lọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún Igue bá dé, àwọn ìjòyè a mú un lọ́wọ́ láti jó níwájú ọba, wọn a máa yí i, wọn a máa jù ú sókè, wọn a sì máa hán an. Bí eben bá bọ́ lọ́wọ́ ìjòyè ní àkókò yìí, àmì burúkú ni. Ìjòyè tí ó mọ ijó eben jó dáadáa ń fi hàn pé òun dúró ṣinṣin lẹ́yìn ọba.

Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí, bí ó bá rí eben tí ó ti dípẹtà nínú ẹrù baba rẹ̀, kí ni yóò rò? Yóò rò pé ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ bàjẹ́ ni. Yóò tà á fún ẹni tí ń ra irin kiri, tàbí kí ó sọ ọ́ sí ààtàn. Ibi tí ewu wà nìyí. Ogun kó ohun tí ó dán lọ, àìmọ̀kan sì fẹ́ jẹ ìyókù run.

Ìwé ni ó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1921 ni Egharevba bẹ̀rẹ̀ sí gba ìtàn Ìbíní jọ. Kò lọ sí yunifásítì kankan, kò sì sí ìjọba tí ó rán an níṣẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ ìtàn jẹ́ àjogúnbá wọn ni ó tọ̀ lọ: àwọn Ihogbe tí ń bọ àwọn ọba àtijọ́, àwọn Ogbelaka tí ń kọrin ààfin, àti àwọn Igun Eronmwon, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti ọba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bi léèrè ni ó ti dàgbà kí ogun 1897 tó dé, tí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ààfin kí iná tó jó o.

Èdè Ẹ̀dó ni ó kọ́kọ́ fi kọ ìwé rẹ̀. Ekhere Vb'Itan Edo jáde ní ọdún 1933, ní ọdún kan náà tí Ọba Akenzua Kejì gun orí oyè. Ní ọdún 1934 ni ó gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ A Short History of Benin. Léraléra ni ó ń tún ìwé náà ṣe, tí ó ń fi ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ kún un. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ni ó tẹ ẹ̀dà ti ọdún 1960. Yàtọ̀ sí èyí, ó kọ ìwé mìíràn tí ó lé ní ogún, lórí òfin àti àṣà, lórí oyè, lórí eré ìdárayá, lórí ìtàn ìgbésí ayé àwọn Ìyásè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi tẹ púpọ̀ nínú wọn.

Nínú ìwé yìí ni a ti rí ìtàn tí ó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nípa idẹ Ìbíní. Egharevba kọ ọ́ pé Ọba Oguola, tí ó fi ìgbà rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1280, ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Ifẹ̀ pé kí ó fi alágbẹ̀dẹ idẹ kan ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tí ó wá ni Igueghae. Ó kọ́ àwọn ènìyàn Ìbíní ní iṣẹ́ náà, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ sì ń bọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí baba ńlá wọn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Alágbẹ̀dẹ a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. A fi ìda oyin bò ó, a sì fín gbogbo ọnà sára ìda náà: ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ilà ojú, irun orí. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún fi amọ̀ bo ìda, yóò sì fi sínú iná. Ìda a yọ́ jáde, idẹ gbígbóná a sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá tutù, a fọ́ amọ̀ náà dànù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ kan wúlò, nítorí náà kò sí orí idẹ méjì tí ó bá ara wọn mu pátápátá. Púpọ̀ nínú idẹ tí wọ́n yọ́ ló wá láti inú ẹ̀gbà idẹ tí àwọn ará Pọ́túgà fi ń ṣòwò. Àyẹ̀wò kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì ni púpọ̀ nínú idẹ ẹ̀gbà wọ̀nyí ti wá.

Olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé

Ní ọdún 1943, ìjọba Nàìjíríà ìgbà náà yan Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, láti máa wá àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ká gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ó sì máa dá ààbò bò wọ́n. Ní Ìbíní, Ọba Akenzua Kejì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gidigidi. Ọba yìí ti tọ́ ayọ̀ wò nígbà tí adé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn méjì àti ẹ̀wù iyùn tí a kó lọ ní 1897 padà sí ọwọ́ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1938. Láàárín àwọn ọdún 1940 ni a dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré sílẹ̀ ní Ìbíní pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ọba, Egharevba ni a sì fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe ilé ńlá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ohun tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Láti ọdún 1950 sí 1972, British Museum ta díẹ̀ nínú àwo idẹ Ìbíní tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó rà. Bí ọmọ onílé ṣe ń fi owó ra ẹrù ilé baba rẹ̀ padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́wọ́ Egharevba tí kò sí lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ó mọ ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ó ń ṣe é, ìjòyè tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọdún tí a máa ń gbé e jáde, àti èèwọ̀ rẹ̀. Ní òkè òkun, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí ìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro iṣẹ́ náà kò mọ ní ọ̀nà kan. Onígbàgbọ́ ni Egharevba, láàárín àkókò tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì ń dáná sun ohun ìbọ baba wọn. Àwọn oníṣòwò pẹ̀lú ń wọ abúlé láti ra ohun àtijọ́ ní owó pọ́ọ́kú, kí wọ́n lè tà á fún òyìnbó. Ọdún 1953 ni òfin tó jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Kí òfin náà tó dé, ọ̀rọ̀ ẹnu, sùúrù àti ojú àánú ni olùtọ́jú kan ní láti fi gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tà á. Ilé kékeré yẹn ni ó di ńlá títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tí a sì ṣí ilé tuntun tí ó wà láàárín Ring Road ní ọdún 1973. Egharevba wà láàyè láti fi ojú rí i.

Ibi tí ó kù sí

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rìn tí orí rẹ̀ kì í mì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn láti yunifásítì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ìbíní ní àwọn ọdún 1950, lábẹ́ àbójútó Kenneth Dike ti Ìbàdàn, wọ́n rí i pé ọdún tí Egharevba fún ìjọba ọba kọ̀ọ̀kan kò ṣe é gbára lé ní gbogbo ìgbà. R. E. Bradbury, tí ó gbé láàárín àwọn Ẹ̀dó, kọ ọ̀rọ̀ lórí èyí ní ọdún 1959. Wọ́n tún rí i pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀dà ìwé kan ń yí padà nínú ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lé e. Ìṣòro mìíràn wá láti inú òkìkí ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí olùwádìí bá dé abúlé tí ó béèrè ìtàn, ohun tí àwọn ènìyàn ti kà tàbí gbọ́ nínú ìwé Egharevba ni wọ́n ń tún sọ fún un, bí ẹni pé baba wọn ni ó sọ ọ́ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Ìbíní pẹ̀lú kò tán síbẹ̀. Egharevba kọ ọ́ pé láti Ifẹ̀ ni Ọ̀rànmíyàn ti wá, tí ó sì bí ọmọ tí ó di ọba ní Ìbíní. Ọba Erediauwa sọ ìtàn náà ní ọ̀nà mìíràn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ó ní ọmọ ọba Ìbíní, Ekaladerhan, ni ẹni tí Yorùbá ń pè ní Odùduwà. Àwọn Yorùbá kan tí ń gbé ní ilẹ̀ Ẹ̀dó a máa fi ìwé Egharevba ṣe ohun ìjà bí àríyànjiyàn yìí bá dé. Kò yẹ kí àlejò fi ìwé onílé bá onílé jà. Ọkùnrin náà kọ ohun tí ó gbọ́, ó sì tún un kọ nígbà tí ó gbọ́ òmíràn, kò sì sọ ọ́ di ìjà láàárín ìlú méjèèjì tí ó tọ́ ọ.

Síbẹ̀, gbogbo àwọn onímọ̀ tí ó rí àṣìṣe rẹ̀, inú ìwé rẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Bí kò bá kọ ọ́ ní 1933, kò ní sí ohun tí wọn yóò tún ṣe. Àwọn tí ó bi léèrè ní 1921 ti kú tipẹ́tipẹ́ kí olùkọ́ yunifásítì kankan tó mú báírò lọ sí Ìbíní.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Egharevba kú, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò rí ọjọ́ tí àwọn ẹrù náà bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé ní iye púpọ̀. Ní ọdún 2014, Mark Walker, ọmọ ọmọ sójà kan tí ó bá wọn jagun ní 1897, fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú agogo kan àti ẹyẹ idẹ kan padà fún Ọba Erediauwa. Ní ọdún 2021, ilé ẹ̀kọ́ Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ kan padà. Ní ìparí ọdún 2022, ìjọba Jámánì kó nǹkan bí 20 wá sí Àbújá. Ní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Netherlands dá 119 padà. Idẹ tí ó ti ilẹ̀ Jámánì wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbà, tí ó di iṣẹ́ ọnà ní Ìbíní, tí ó tún padà sí Jámánì gẹ́gẹ́ bí ìkógun, ó tún ti ń padà wálé.

Àríyànjiyàn ti wà lórí ibi tí a óò kó wọn sí àti ẹni tí ó ni wọ́n. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Ìbíní ni ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá wà, ọmọ kan yóò dúró níwájú wọn lọ́jọ́ kan, yóò sì béèrè ohun tí a ń fi wọ́n ṣe. Ìdáhùn tí wọn yóò fún un, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti inú ohun tí Egharevba gbà sílẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi sílẹ̀ kò mọ sí Ìbíní nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlá, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀yọ́, àpò kan wà lábẹ́ àjà tí edan idẹ wà nínú rẹ̀, tàbí ọ̀pá irin Ọ̀sanyìn, tàbí idà baba ńlá tí ó ti dípẹtà mọ́ àkọ̀. Àwọn ọmọ wà ní ìdálẹ̀, àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ rẹ̀ sì ń dínkù. Bí a bá lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá, ìbéèrè kan lọ́wọ́ ìyá àgbà kò ná wa ní owó. Kí a kọ orúkọ ohun náà sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó ni ín, àti ìdí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹni tí ń ra àlòkù irin kiri tó kan ilẹ̀kùn.